ỌLỌ́RUN AYÉRAYÉ, ỌBA ÀÌKÚ

Bíbélì Kíkà: Orin Dáfídì 90, Orin Dáfídì 102:24–28, Ẹ́kísódù 3:13–15, Mátíù 22:31–32, 2 Pétérù 3:8–9.

Àkọ́sórí: Aísáyà 40:28. Kí olúkúlùkù ṣí i nínú Bíbélì tirẹ̀, kó sì kọ́ ọ sórí kí Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ tó pé.

ÌFÁÀRÀ

Ẹ̀kọ́ tó kàn wá yìí dá lórí ọ̀rọ̀ kan tó ti mọ́ wa lẹ́nu. Kò sí ọjọ́ tí a wọ aṣọ àdúrà, tí a tan àbẹ́là, tí a kò pe Ọlọ́run ní Ọba Ayérayé, Ọba Àìkú, Ọ̀yígíyigì. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kékeré bá bi wá pé, "Bàbá, ta ló dá Ọlọ́run?" ọ̀pọ̀ nínú wa á lé ọmọ náà lọ pé kó yé sọ̀rọ̀ òdì. Ọ̀rọ̀ òdì kọ́ o, ìbéèrè gidi ni. Bí a kò bá mọ èsì rẹ̀, ìgbàgbọ́ wa á máa mì lọ́jọ́ tí ikú bá wọlé, tàbí tí àdúrà bá pẹ́ kó tó gbà. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ẹ jẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

1. KÍ ÒKÈ TÓ WÀ, ÒUN TI WÀ

Ẹ̀yin ará wa ní Adido ní Ṣábẹ̀, ẹ kò ní láti rìn jìnnà kí Orin Dáfídì 90 tó yé yín. Ẹ gbójú sókè, ẹ wo àwọn àpáta ńlá Ṣábẹ̀. Orí wọn ni àwọn baba sá sí nígbà tí ogun Dàhọ̀mì ń dà wọ́n láàmú ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé sẹ́yìn. Ọba jẹ, ọba wàjà, òkè wà níbẹ̀. Rélùwéè wọ Ṣábẹ̀ kí ogun àgbáyé kìíní tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, ó sì dé Parakou ní 1936. Òkè wà níbẹ̀. Ilẹ̀ Dàhọ̀mì gba òmìnira ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1960. Nígbà tó di ọgbọ̀njọ́ oṣù kọkànlá ọdún 1975, wọ́n pa orúkọ ilẹ̀ náà dà sí Benin. Òkè ṣì wà níbẹ̀. Àwọn tó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa òkúta sọ pé ọjọ́ orí irú àpáta bẹ́ẹ̀ lé ní 500 mílíọ̀nù ọdún.

Síbẹ̀, òkè yìí ní ọjọ́ ìbí. Ohun tí Orin Dáfídì 90:2 ń sọ fún wa ni pé kí a tó bí òkè èyíkéyìí, Ọlọ́run ti ń jẹ́ Ọlọ́run. Òkè náà sì ń gbó lọ díẹ̀díẹ̀. Oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn á mú un gbóná, òru ọyẹ́ á mú un tutù, òjò á rọ̀ lé e lórí. Ara rẹ̀ á máa bó bí èèpo àlùbọ́sà, á di iyanrìn, àgbàrá á sì gbé e lọ. Nítorí náà, bí a bá ń pe Ọlọ́run ní Ọ̀yígíyigì, kí a má ṣe rò pé ó kàn ti pẹ́ láyé bí òkè ni. Pípẹ́ yàtọ̀ sí ayérayé. Ohun tó pẹ́ ń gbó. Ọlọ́run kì í gbó.

Orin Dáfídì 102 tiẹ̀ fi aṣọ ṣe àpẹẹrẹ, èyí tó yẹ kó yé àwa aláṣọ funfun ju ẹnikẹ́ni lọ. Aṣọ àdúrà tí a rán lọ́dún tí a ṣe ìrìbọmi, níbo ló wà báyìí? Bó ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó, kí a lọ̀ ọ́ tó, ọrùn rẹ̀ á já, a ó sì rán òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀run àti ayé tí à ń wò yìí ṣe rí lójú Ọlọ́run: aṣọ tó ń gbó ni. Ẹni tó wọ̀ ọ́ ni kì í gbó.

2. ẸDÁ MÉJÌ ÀTI ẸLẸ́DÀÁ KAN

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa dáadáa, ẹ jẹ́ ká pín ohun gbogbo sí ọ̀nà mẹ́ta.

Èkíní ni ohun tó ní ìbẹ̀rẹ̀ tó sì ní òpin: ewúrẹ́, igi kajú, ilé, owó, ìjọba.

Èkejì ni ohun tó ní ìbẹ̀rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò ní òpin: àwọn áńgẹ́lì àti ọkàn ènìyàn. Ọjọ́ kan wà tí Máíkẹ́lì Mímọ́ kò tíì sí. Ọlọ́run ló dá a. Bó bá sì ń wà títí, Ọlọ́run ló gbé e dúró. Ìdí rèé tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún àwọn áńgẹ́lì ṣùgbọ́n tí a kò gbọdọ̀ sìn wọ́n. Nígbà tí Jòhánù fẹ́ wólẹ̀ fún áńgẹ́lì, áńgẹ́lì náà fúnra rẹ̀ ló kọ̀ fún un (Ìfihàn 22:8–9).

Ẹ̀kẹta ni Ẹni tí kò ní ìbẹ̀rẹ̀ tí kò sì ní òpin. Òun nìkan ló wà níbẹ̀. Kò sí èkejì rẹ̀.

3. TA LÓ DÁ ỌLỌ́RUN?

Èsì tí a ó fún ọmọ náà rèé: ohun tó bẹ̀rẹ̀ nìkan là ń bèèrè ẹni tó dá a. Bí a bá rí àga, a ó bèèrè káfíńtà, torí ọjọ́ kan wà tí àga náà kò sí. Ọlọ́run kò ní ọjọ́ tí kò sí. Bí ẹnìkan bá dá a ni, ẹni yẹn ni ìbá jẹ́ Ọlọ́run, a ó sì tún bèèrè ẹni tó dá ìyẹn náà. Ó di dandan kí a dé ọ̀dọ̀ Ẹnìkan tí a kò dá.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀ Áfíríkà wa. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Algeria lónìí, ẹni tí a bí ní 354 tó sì kú ní 430, gbé e yẹ̀ wò nínú ìwé rẹ̀ Confessions. Àwọn kan ń bèèrè pé kí ni Ọlọ́run ń ṣe kó tó dá ayé. Ohun tó fi yé wọn ni pé ìgbà fúnra rẹ̀ wà lára ohun tí Ọlọ́run dá. Kí ayé tó wà, kò sí àná, kò sí ọ̀la, kò sí "tẹ́lẹ̀" tí a lè máa bèèrè. Àná wa, òní wa àti ọ̀la wa, iwájú rẹ̀ ni gbogbo wọn wà.

Ẹ wo orúkọ tó sọ fún Mósè níbi igi tó ń jó nínú Ẹ́kísódù 3. Kò sọ pé òun ti wà rí, kò sọ pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Wíwà ló fi ṣe orúkọ. Jésù Olúwa wa náà lo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú Jòhánù 8:58, nígbà tó sọ fún àwọn Júù pé òun wà kí Ábúráhámù tó wà. Ohun tó fà á nìyẹn tí wọ́n fi gbé òkúta láti sọ lù ú. Ó yé wọn pé ipò Ọlọ́run ló ń sọ pé òun wà.

4. ÀWỌN BABA WA LỌ, ÒUN KÒ LỌ

Bíbélì pe Orin Dáfídì 90 ní àdúrà Mósè. Ẹ ronú sí i. Ogójì ọdún ni Mósè fi wo àwọn tí wọ́n jọ jáde kúrò ní Íjíbítì bí wọ́n ṣe ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan nínú aginjù. Míríámù kú, Áárónì kú. Ẹni tó ti sin òkú tó bẹ́ẹ̀ ló wá ń pe Ọlọ́run ní ibùgbé láti ìran dé ìran. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí nǹkan ni.

Àwa náà ti rí i. Mósè Orímọládé, tí iṣẹ́ rẹ̀ bí Ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù ní Èkó ní 1925, sùn nínú Olúwa ní 1933. Samuel Bilewu Oschoffa, káfíńtà tí a bí ní Àjàṣẹ́ ní 1909, tí Ìjọ Mímọ́ ti Kírísítì láti Ọ̀run Wá bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 1947, kú ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ọdún 1985, a sì sin ín sí Ìmẹ̀kọ. Bí irú baba bẹ́ẹ̀ bá lọ, ẹ̀rù a máa ba ọmọ ìjọ: ta ni yóò máa gbàdúrà fún wa báyìí? Ará, ẹni tó gbọ́ àdúrà baba ò bá baba lọ. Ẹ bọlá fún àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbé ìgbàgbọ́ yín lé ẹni tí a ó sin lọ́jọ́ kan.

Bákan náà ni owó. Ní oṣù kìíní ọdún 1994, ẹni tó sùn pẹ̀lú owó sẹ́ẹ̀fà nínú àpótí jí, ó sì bá a pé ìdajì agbára rẹ̀ ti lọ: 50 sẹ́ẹ̀fà ló ń ra owó Faransé kan tẹ́lẹ̀, ó di 100. Owó náà ò dín kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó àná mọ́. Ìlérí Ọlọ́run kì í já wálẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí Ẹni tó ṣe é kì í yí padà (Málákì 3:6).

5. Ẹ MÁ FI ỌJỌ́ DÈ ÉṢÙ, Ẹ MÁ SÌ FI ỌJỌ́ DE ỌLỌ́RUN

Ibí yìí gan-an ni ẹ̀kọ́ náà ti kàn wá jù. Àwọn kan nínú wa, bí wọ́n bá ti wọ ilé àdúrà, ohun tí wọ́n máa bi wòlíì ni pé, "Ọjọ́ mélòó ni?" Bí ọjọ́ mọ́kànlélógún bá pé tí nǹkan kò yí, wọ́n á ní Ọlọ́run ti gbàgbé, wọ́n á gbé àbẹ́là wọn lọ síbòmíràn. Ọkọ mìíràn á ti ìyàwó jáde nítorí pé ọdún méje pé tí kò bímọ. Òmíràn á gbé aláìsàn kúrò ní ilé ìwòsàn nítorí ọjọ́ tí wọ́n dá fún Ọlọ́run ti tó. Ìgbàgbọ́ kọ́ nìyẹn. Ẹni bẹ́ẹ̀ ń bá Ọlọ́run lò bí onígbèsè ni.

Ábúráhámù jẹ́ ẹni ọdún 75 nígbà tí ó jáde ní Háránì pẹ̀lú ìlérí. Ó pé 100 kí ó tó gbé Ísáákì jó. Ọdún 25! Lẹ́yìn náà ni Jẹ́nẹ́sísì 21:33 sọ pé ó gbin igi kan sí Bíáṣébà, ó sì ké pe Ọlọ́run ayérayé níbẹ̀. Ẹ̀yin tó ń gbin kajú mọ̀ pé ẹni tó ń gbin igi ti kọ́ bí a ṣe ń dúró de nǹkan.

Àwọn ènìyàn máa ń lo 2 Pétérù 3:8 ní apá kan ṣoṣo, pé ẹgbẹ̀rún ọdún dà bí ọjọ́ kan lójú Olúwa. Òótọ́ ni, ìdádúró kò mú un gbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹsẹ náà ní apá kejì: ọjọ́ kan náà dà bí ẹgbẹ̀rún ọdún. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí o fi sunkún lórí ẹní, kò kọjá lójú rẹ̀ bí ohun kékeré. Ó ní àyè fún un bí ẹni tó fẹ́ fi ẹgbẹ̀rún ọdún gbọ́ ọ.

6. ÀWỌN TÓ TI SÙN

Ìyá kan lè bèèrè pé, "Ọmọ mi tó lọ ńkọ́?" Ẹ jẹ́ kó ka Mátíù 22:31–32. Nígbà tí Ọlọ́run bá Mósè sọ̀rọ̀, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti sin Ábúráhámù sí ihò Mákípélà. Síbẹ̀ Ọlọ́run ṣì ń pe ara rẹ̀ ní Ọlọ́run Ábúráhámù. Jésù wá fi yé wa pé àwọn alààyè ni Ọlọ́run jẹ́ Ọlọ́run wọn. Ẹni tí a ń pè ní "olóògbé", tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ohun tó ti kọjá, kò kọjá lójú Ẹni tí kò ní àná. Torí náà ni Ọba Àìkú fi wọ inú ọjọ́ àti oṣù tiwa, tí a bí i, tó kú, tó sì jíǹde, kí àwa tó ń kú lè bá a gbé nínú ìyè tí kò lópin.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ohun tó pẹ́ àti ohun tó jẹ́ ayérayé?
2. Kí nìdí tí a kò fi gbọdọ̀ sin áńgẹ́lì?
3. Bí ọmọ rẹ bá bi ọ́ pé ta ló dá Ọlọ́run, kí lo máa sọ?
4. Ǹjẹ́ ọjọ́ kan wà tí o dá fún Ọlọ́run, tí inú ń bí ọ nítorí pé ó ti kọjá?

ÀDÚRÀ

Ọlọ́run tí kì í gbó, tí kì í kú, kọ́ wa láti dúró dè ọ́. Tu àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ nínú. Bí òkè bá tilẹ̀ di iyanrìn, má ṣe jẹ́ kí ìgbàgbọ́ wa nínú rẹ yẹ̀. Ní orúkọ Jésù Kírísítì Olúwa wa. Àmín.