ÌTỌ́JÚ OJÚ LẸ́YÌN IṢẸ́ ABẸ

Ojú méjì ni a fi ń wòran, ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ni à ń rí. Iṣan 6 ni ó ń darí ẹyin ojú kọ̀ọ̀kan. Bí wọn kò bá fà á dọ́gba, ojú kan a máa wo iwájú, èkejì a máa wo ẹ̀gbẹ́. Ní ọdún 1839 ni Dieffenbach, oníṣègùn kan ní ìlú Berlin, fi abẹ tún irú ojú bẹ́ẹ̀ ṣe fún ọmọdékùnrin kan, ó sì yọrí sí rere. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Javal, ará Faransé, fi hàn pé a lè kọ́ ojú méjèèjì láti máa ṣiṣẹ́ pọ̀.

Ọ̀pọ̀ òbí rò pé bí ojú bá ti tọ́, iṣẹ́ parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ojú ọmọ kò dọ́gba, ọpọlọ rẹ̀ a kọ ohun tí ojú kan ń rí sílẹ̀, kí ó má baà rí ohun kan ní méjì. Abẹ lè tọ́ ojú, ṣùgbọ́n kò lè kọ́ ọpọlọ. A kì í lọ́ igi kòkó kí a sì fi í sílẹ̀ fún oòrùn.

Ìkínní: Bí ojú kan bá rẹ̀yìn, oníṣègùn lè ní kí ẹ bo èyí tí ó dára fún ìwọ̀n àkókò kan lójoojúmọ́. Nígbà náà, ẹ jẹ́ kí ọmọ máa ṣa ẹ̀wà tàbí kí ó máa kàwé. Ẹ má ṣe bò ó ju bí a ti wí lọ, kí ojú tí ó dára má baà rẹ̀yìn pẹ̀lú.

Èkejì: Ẹ sín ìlẹ̀kẹ̀ 3 sára okùn tẹ́ẹ́rẹ́, kí wọn jìnnà sí ara wọn. Ẹ so orí kan mọ́ òpó, kí ọmọ di orí kejì mú sí góńgó imú rẹ̀, kí ó sì tẹjú mọ́ ìlẹ̀kẹ̀ àárín. Bí ojú méjèèjì bá ń ṣiṣẹ́, yóò rí i bí ẹni pé okùn méjì ni ó pàdé lára ìlẹ̀kẹ̀ náà. Bí ó bá rí okùn kan ṣoṣo, ọpọlọ ṣì ń kọ ojú kan sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta: Kì í ṣe gbogbo ojú ni irú ẹ̀kọ́ yìí yẹ, ó lè mú kí ẹlòmíràn máa rí ohun gbogbo ní méjì láìdẹ́kun. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ bi oníṣègùn ojú léèrè. Bí ó bá fún ọmọ ní awò, kí ọmọ má ṣe bọ́ ọ sílẹ̀.

Ẹ má ṣe kán àgbo, ọmú tàbí ìtọ̀ sí ojú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi abẹ kàn, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ wẹ̀ nínú odò títí oníṣègùn yóò fi gbà á láyè. Bí ìrora bá ń pọ̀ sí i, bí ọyún bá jáde, tàbí bí ìríran bá ń dínkù, ẹ padà sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹ má ṣe dúró títí ọmọ yóò fi dàgbà.