Ẹ́ńjìnnì MGB: Ti Ojú Pópó àti Ti Ìdíje

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ẹni tí ó ní ọkọ̀ asáré àtijọ́ bi ara rẹ̀ ni ibi tí yóò máa wà á lọ. Bí yóò ṣe sáré tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí a fi MGB ṣe àpẹẹrẹ, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń ṣe ní ìlú Abingdon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1962 títí di ọdún 1980, èyí tí àwọn ará wa tí ó wà lọ́hùn-ún ṣì ń rí lójú pópó. Sílíńdà mẹ́rin ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní, àyè inú wọn lápapọ̀ sì jẹ́ 1798 cc. Ní ọdún 1963, ọ̀kan nínú ọkọ̀ wọ̀nyí sá eré wákàtí 24 ti Le Mans dópin, ó sì gba ipò kejìlá. Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ni ó ń mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ohun tí ó bá ọkọ̀ ìdíje mu yóò bá tiwọn náà mu.

Ibi tí ọ̀nà ti yà ni ọ̀pá tí ó ń ṣí fáàfù tí ó sì ń dé e. Ọ̀pá ti ìdíje máa ń jẹ́ kí fáàfù pẹ́ ní ṣíṣí, àsìkò sì wà tí èyí tí ń gba afẹ́fẹ́ wọlé àti èyí tí ń tú èéfín jáde jọ wà ní ṣíṣí. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 6000 ní ìṣẹ́jú kan, èyí dára, nítorí afẹ́fẹ́ ń fi ipá wọlé. Ṣùgbọ́n ní ìgbà 1000, èéfín yóò máa padà dà pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ àti epo tuntun. Ọkọ̀ yóò máa gbọ̀n, yóò máa kú ní oríta, yóò sì máa mu epo lásán. Ẹni tí ó ń gbé irú rẹ̀ wọ inú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ lójoojúmọ́ ti fi owó ara rẹ̀ ra ìyà.

Nítorí náà, kí a tó ra ohunkóhun, kí a kọ́kọ́ wọn agbára ìfúnpọ̀ inú sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá rẹlẹ̀ púpọ̀ sí àwọn yòókù, àtúntò kankan kò lè wò ó sàn. Lẹ́yìn èyí ni àlàfo fáàfù, púlọ́ọ̀gì àti àkókò tí iná ń ṣẹ́ kàn. Kábúrétọ̀ ni ìgbẹ̀yìn.

Kábúrétọ̀ SU méjì ni ọ̀pọ̀ MGB ń lò, ọgbọ́n inú rẹ̀ sì wù mí púpọ̀. Pístọ́nù kan wà nínú rẹ̀ tí ó ń gòkè bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fa afẹ́fẹ́. Abẹ́rẹ́ tí ó tín-ín-rín nísàlẹ̀ so mọ́ ọn, bí ó ṣe ń gòkè ni ọ̀nà epo ń gbòòrò. Kí ẹ kọ́kọ́ mú kí afẹ́fẹ́ tí méjèèjì ń fà dọ́gba. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, ẹ gbé pístọ́nù ọ̀kan sókè ní ìwọ̀n mìlímítà kan. Bí ẹ́ńjìnnì bá yára sí i tí ó sì dúró bẹ́ẹ̀, epo pọ̀ jù. Bí ó bá fẹ́ kú, epo kò tó. Bí ó bá yára díẹ̀, tí ó sì padà sí ipò rẹ̀, ó ṣe régí.

Àìtó epo ni kí ẹ bẹ̀rù jù. Àpọ̀jù rẹ̀ ń ná owó, ó sì ń sọ púlọ́ọ̀gì di dúdú. Ṣùgbọ́n lórí pápá ìdíje, níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fi gbogbo agbára ṣiṣẹ́, epo tí kò tó ń mú iná inú sílíńdà gbóná kọjá ààlà, ó sì lè dá ihò sí pístọ́nù. Bákan náà ni ìfúnpọ̀. Nínú MGB ìbẹ̀rẹ̀, afẹ́fẹ́ àti epo ń fún pọ̀ di ìdá kan nínú 8.8, ti ìdíje lè di ìdá kan nínú 11. Epo tí kò dára tó kò lè fara da èyí. Bí ẹ bá gbọ́ ìró bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo nígbà tí ọkọ̀ ń gun òkè, ẹ dín eré kù lójú ẹsẹ̀.

(Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń tọrọ owó irú iṣẹ́ yìí, ẹ kọ́kọ́ béèrè nípa bíréèkì àti táyà.)

Fún ẹni tí ó fẹ́ lo ọkọ̀ kan náà fún méjèèjì, mo dámọ̀ràn ọ̀pá fáàfù tí kò le jù àti páìpù èéfín tí kò há. Bí a bá ti yí ìwọ̀nyí padà, abẹ́rẹ́ kábúrétọ̀ ti tẹ́lẹ̀ lè má bá a mu mọ́. Kí mẹkáníìkì tí ó mọ SU dán ọkọ̀ wò lórí eré gidi, kí ó sì yan òmíràn.