Ìjàyè fọ́, Kírìjì tú

Ní Powis Street ní Woolwich, èdè Yorùbá kì í wọ́n. Ẹnubodè Royal Arsenal, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rọ àgbá ogun fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀, ṣì dúró ní Beresford Square, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Ogun àwọn Òyìnbó sì rọrùn fún àwọn ọmọ wa láti sọ. Bó bá kan ogun tiwa, ẹ ó gbọ́ "Ìbàdàn jà pẹ̀lú Èkìtì". Àwọn òbí náà ti ń gbà á wọlé. Kò dáa. Ẹni tó bá jà pẹ̀lú mi, ẹ̀yìn mi ló wà. Ìbàdàn bá Èkìtì jà. Ìbàdàn gbógun ti Èkìtì.

"Ṣẹ́gun" náà ti di ọ̀rọ̀ tí a ń lò níbi gbogbo. Ìjàyè kò rí bẹ́ẹ̀. Kúrunmí, olórí Ìjàyè àti Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, kọ̀ kí Adélù jọba Ọ̀yọ́ lẹ́yìn Àtìbà bàbá rẹ̀, ni Ìbàdàn bá dó ti Ìjàyè ní 1860. Ebi mú ìlú náà gan-an. Kúrunmí kú ní 1861. Ní oṣù Kẹta 1862, Ìjàyè fọ́. Ìlú tí a ṣẹ́gun lè wà níbẹ̀ kó máa san ìṣákọ́lẹ̀. Èyí tó fọ́, àwọn ará rẹ̀ a túká, ogun a sì kó àwọn mìíràn lẹ́rú.

Ní Ìkìrun, ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá 1878, "ṣẹ́gun" bọ́ sí àyè rẹ̀. Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n kó ogun Ìbàdàn lọ gba ìlú náà sílẹ̀ lọ́wọ́ Ìlọrin, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà. Ó ṣẹ́gun wọn, wọ́n sá, odò Ọ̀tìn sì gbé ọ̀pọ̀ wọn lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ogun náà ní Jálumi, ìyẹn já-lu-omi.

Kírìjì, tí ìró ìbọn sọ lórúkọ, yàtọ̀ pátápátá. Ògèdèǹgbé ló ṣáájú Èkìtìparapọ̀, àjọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó bá Ìbàdàn jà. Ààrẹ Látòósà tó ṣáájú Ìbàdàn kú sí ibùdó ní 1885. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án 1886, àwọn ọmọ ogun kò sì tú ká tán títí di 1893, nígbà Gómìnà Carter ti Èkó. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá béèrè ẹni tó borí, ẹ má fi "ṣẹ́gun" dá a lóhùn. Ogun náà tú ká ni.