Ìmésojáde àti Ìhùmọ̀ Àmúlò: Àlàyé lórí Ọ̀rọ̀-Ìperí Méjì

Ní ọdún 1987 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fi òfin dá àjọ kan sílẹ̀ láti mú kí ìmésojáde pọ̀ sí i ní orílẹ̀-èdè yìí. Olùtumọ̀ tí ó bá fẹ́ ṣàlàyé iṣẹ́ àjọ náà fún òṣìṣẹ́ lè sáré lo 'iṣẹ́ àṣekára'. Ìtumọ̀ yìí kò tọ̀nà, ó sì lè ba nǹkan jẹ́: òṣìṣẹ́ tí ó ti ń làágùn láti àárọ̀ yóò rò pé ọ̀lẹ ni wọ́n pe òun, ọ̀gá tí irinṣẹ́ rẹ̀ ti gbó yóò sì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀bi.

Ìmésojáde kì í ṣe iye iṣẹ́ tí a ṣe, kì í sì í ṣe iye èso nìkan. Ìpín ni: kí a fi ohun tí a lò pín èso tí ó jáde. Ohun tí a lò lè jẹ́ wákàtí, owó, ilẹ̀ tàbí epo. Èrò náà kò ṣàjèjì sí àgbẹ̀. Igba ebè ni ó fi ń ka iṣẹ́ oko, ṣùgbọ́n nígbà ìkórè, iṣu ni ó ń kà.

Àpẹẹrẹ kan wà ní Ilé-Ifẹ̀ gan-an. Ọ̀jọ̀gbọ́n G. A. Makanjuola ti Yunifásítì Ifẹ̀, èyí tí ó di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987, ṣe ẹ̀rọ ìgúnyán, ó sì tẹ àlàyé rẹ̀ jáde ní 1974. Ká ní obìnrin 2 ń fi odó gún iyán àwo 20 ní wákàtí kan: ìmésojáde wọn jẹ́ àwo 10 fún wákàtí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí obìnrin 2 mìíràn bá kún wọn, àwo 40 yóò jáde. Èso di ìlọ́po méjì, òógùn di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n ìmésojáde ṣì jẹ́ 10. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá fi ẹ̀rọ gún àwo 20 ní wákàtí kan, ìmésojáde ti di 20, bí iyán kò tilẹ̀ pọ̀ sí i. (Ẹni tí ó bá ní iyán odó ni ó dùn jù kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ adùn ni ìyẹn.) Owó ẹ̀rọ àti ti iná mànàmáná gbọ́dọ̀ wọ inú ìṣirò pẹ̀lú, ní ọjọ́ tí iná bá lọ, ẹ̀rọ di ẹrù, odó a sì gba ipò rẹ̀ padà.

Ìhùmọ̀ ni kí a fi ọgbọ́n gbé ohun tí kò sí tẹ́lẹ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n àwòrán ẹ̀rọ tí ó wà nínú àpótí kò gún iyán kankan. Ìgbà tí àwọn oníṣẹ́ irin bá rọ ọ́, tí olóúnjẹ sì ń lò ó, ni ó di ìhùmọ̀ àmúlò. 'Ìsọdọ̀tun' kò bá a mu, nítorí ohun tí ó ti gbó ni a ń sọ dọ̀tun.

Ìhùmọ̀ àmúlò kò sì ní láti jẹ́ irin. Ní 1970, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò fún odindi ọdún 6. Àwọn ẹgbẹ́ wọn, tí a yí èdè ẹ̀kọ́ wọn sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún 3, lo ọdún 6 kan náà. Àyẹ̀wò fi hàn pé àwọn tí a fi Yorùbá kọ́ títí dé òpin ni ó mọ̀wé jù.