Ọmọ Tí Ó Dé Kíláàsì Kẹrin

Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí kan àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin, ìkarùn-ún àti ìkẹfà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Òbí a máa ṣàkíyèsí pé ọmọ tí ó já fáfá ní kíláàsì kejì, tí ń dáhùn kí olùkọ́ tó béèrè tán, a máa wo ilẹ̀ nígbà tí ó bá dé kíláàsì kẹrin. Àwọn ará ilé a ní ọmọ náà ti di ọ̀lẹ. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ọ̀lẹ rárá. Èdè tí a fi ń kọ́ ọ ni ó yí padà. Ó ti pẹ́ tí ó ti di àṣà ní ilé-ẹ̀kọ́ wa láti fi Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún 3 àkọ́kọ́, kí a sì yí sí Gẹ̀ẹ́sì láti kíláàsì kẹrin. Ẹrù méjì ni ọmọ náà wá ń rù papọ̀: ó ń wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, ó sì ń wá òye ẹ̀kọ́.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kìíní ọdún 1955, ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ ṣí fún ọmọ tálákà àti ọmọ olówó. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ọmọ wọlé, ọ̀tọ̀ ni kí ó gbọ́ ohun tí à ń sọ níbẹ̀.

Nítorí èyí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní ọdún 1970, ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ ìbágbépọ̀ títí dé kíláàsì kẹfà, olùkọ́ tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú sì ń kọ́ wọn ní èdè náà lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yòókù gba ọ̀nà àtijọ́. Nígbẹ̀yìn, àwọn tí a fi Yorùbá kọ́ ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ nínú ẹ̀kọ́ wọn, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì rẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Olùkọ́ kíláàsì karùn-ún fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ bí a ṣe ń mọ bí ilẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Kí ó kó wọn lọ sí oko ilé-ẹ̀kọ́, kí wọ́n wọn ilẹ̀ kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 12, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 5. Kí wọ́n na okùn ní mítà kọ̀ọ̀kan ní gígùn àti ní ìbú, títí ilẹ̀ náà yóò fi pín sí onígun mẹ́rin kéékèèké. Bí wọ́n bá kà wọ́n, wọn yóò rí 12 nínú ìlà kan, ìlà 5 ni ó sì wà; gbogbo rẹ̀ jẹ́ 60. Nígbà tí ọmọ bá ti fi Yorùbá sọ ìdí tí ó fi jẹ́ 60, kí olùkọ́ wá kọ́ ọ ní orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Ọmọ náà kò ní gbàgbé.

Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún 6 àkọ́kọ́; ní ọdún 2025, wọ́n fagi lé ètò náà. Ètò ìjọba lè yí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ka ìbéèrè òbí sí ọmọ léèwọ̀. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ̀wé, ẹ lè ràn án lọ́wọ́. Lálẹ́, ẹ ní kí ó fi Yorùbá ṣàlàyé ohun kan tí ó kọ́ lọ́jọ́ náà. Bí ó bá ṣàlàyé rẹ̀ tí ó yé yín, ó ti mọ̀ ọ́n. Bí kò bá lè ṣàlàyé, ó há a sórí lásán ni. Ẹ má nà án, ẹ tọ olùkọ́ rẹ̀ lọ.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.