Kọ̀ǹpútà Ara Ògiri

Ìgbín kì í fi ìkarahun rẹ̀ sílẹ̀ lọ sí àjò, bẹ́ẹ̀ ni ìjàpá kì í bọ́ tirẹ̀ nítorí ooru. Kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ní ìkarahun: àpótí onírin tí ó bo gbogbo ẹ̀yà inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n lóde òní àwọn ènìyàn kan a máa yọ àpótí yìí kúrò, wọn a to àwọn ẹ̀yà náà sára pákó, wọn a sì gbé pákó náà kọ́ ara ògiri bí àwòrán. Èmi pàápàá ṣe irú rẹ̀ nínú yàrá mi. Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé bí mo ti ṣe é àti ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ mi.

Ìdí méjì ni ó mú mi dáwọ́ lé e. Ìkíní, yàrá mi kéré, tábìlì mi sì kún fún ìwé. Ìkejì, mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi fi ojú ara wọn rí ẹ̀yà tí ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n má baà rò pé iṣẹ́ òògùn ni.

Ìwọ̀n ni ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Mọ́dábọ́ọ̀dù ni pátákó tí a so gbogbo ẹ̀yà yòókù mọ́. Irú èyí tí a ń pè ní ATX, tí ilé-iṣẹ́ Intel gbé ìlànà rẹ̀ jáde ní ọdún 1995, gùn ní mìlímítà 305, ó sì fẹ̀ ní 244. Mo tẹ́ gbogbo ẹ̀yà sórí páálí, mo fi pẹ́ńsù fa ìlà yí wọn ká, mo sì gbé páálí náà tọ bàbá káfíńtà kan lọ. Wọ́n gé pákó tí ó nípọn tó mìlímítà 18 fún mi. Nígbà tí mo ṣe àlàyé tán, wọ́n ní, "Tíṣà, ṣé ilé ni ẹ ń kọ́ fún ẹ̀rọ yìí, àbí ìta ni ẹ fẹ́ kí ó máa sùn?" Mo rẹ́rìn-ín, n kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ni wọ́n sọ.

Kí n tó mú ẹ̀yà kankan, mo fọwọ́ kan irin tí wáyà rẹ̀ wọlẹ̀, nítorí iná díẹ̀ a máa wà lára ènìyàn, pàápàá nígbà ọyẹ́, ó sì tó láti ba ẹ̀rọ jẹ́. Mo de ẹsẹ̀ idẹ kéékèèké mọ́ pákó, mo gbé mọ́dábọ́ọ̀dù lé wọn, kí atẹ́gùn lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ìsàlẹ̀ ni mo de àpótí tí ń pín iná sí, nítorí ó wúwo. Iná fólítì 230 ni ó ń wọnú rẹ̀; 12, 5 àti 3.3 ni ó ń pín fún ẹ̀yà yòókù. Ẹ kíyè sí i: ẹ kò gbọdọ̀ tú àpótí yìí láé. Bí a tilẹ̀ yọ wáyà rẹ̀, iná tí ó lè ṣe ènìyàn léṣe ṣì lè wà nínú rẹ̀. Orí tábìlì ni mo ti dán ẹ̀rọ náà wò. Ìgbà tí ó ṣiṣẹ́ dáadáa ni mo tó lu ògiri, tí mo sì gbé e kọ́.

Oṣù méjì kọjá láìsí wàhálà. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, bí mo ti ń kọ máàkì ìdánwò àwọn ọmọ méjìlélógójì sínú rẹ̀, mo gbọ́ "táá!" Òórùn ohun tí ó jó gba yàrá, ojú ẹ̀rọ sì ṣókùnkùn. Ọmọńlé kan ni ó tọ àwọn kòkòrò tí ń wá ìmọ́lẹ̀ lọ sórí mọ́dábọ́ọ̀dù; ó nà gbalaja láàárín irin méjì tí iná ń gbà. Ọmọńlé kú, mọ́dábọ́ọ̀dù kú. Owó tí mo fi pamọ́ fún òrùlé ilé ìdáná ni mo fi ra òmíràn. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ibi ìpamọ́ ọ̀tọ̀ ni máàkì wà: nígbà tí mo so ó mọ́ ẹ̀rọ mìíràn, mo bá gbogbo rẹ̀ níbẹ̀.

Ìgbà náà ni ìbéèrè bàbá káfíńtà yé mi. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Àpótí tí mo yọ kúrò kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán: òun ni ó ń dá eruku dúró, tí ó ń dènà kòkòrò, tí ó sì ń gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ ọmọdé. Ẹni tí ó bá yọ ọ́ ti gba gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Nísinsìnyí, ike tí ó mọ́ gaara wà níwájú ẹ̀rọ mi, nẹ́ẹ̀tì sì yí etí rẹ̀ ká kí atẹ́gùn lè wọlé. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń pa iná rẹ̀, tí mo sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku ara rẹ̀.

N kò kábàámọ̀, nítorí àwọn ọmọ mi mọ orúkọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan àti iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ tó mú ààbò kan kúrò, ẹ kọ́kọ́ bèèrè iṣẹ́ tí ó ń ṣe, kí ẹ sì mọ ẹni tí yóò máa ṣe é.

Ìdánrawò
1. Kí ni ìdí méjì tí òǹkọ̀wé fi gbé kọ̀ǹpútà kọ́ ara ògiri?
2. Kí ni ìbéèrè bàbá káfíńtà túmọ̀ sí?
3. Kọ àròkọ lórí ohun kan tí o fi ọwọ́ ara rẹ ṣe, àti àṣìṣe tí ó kọ́ ọ lọ́gbọ́n.