Orin Dùn, Ọ̀rọ̀ Ò Yéni

ÌBÉÈRÈ
Èmi ni mò ń darí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa níbí, ní Ọ̀fà. Mo kọ ọ̀rọ̀ orin tuntun fún ìkórè, mo wá gbé e lé ohùn orin òyìnbó kan tí gbogbo wa mọ̀. Àwọn àgbà ìjọ ní orin dùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò yé àwọn. Ṣé ọmọ Yorùbá kan wà tó ti yanjú irú èyí? Mi ò kàwé orin ní yunifásítì o.
Olórí akọrin, Ọ̀fà

ÌDÁHÙN
Olórí akọrin wa, ẹ kú ìgbìyànjú. Etí àwọn àgbà yín mú gan-an ni. Ohun tí wọ́n rí yìí ló gba Thomas Ẹkúndayọ̀ Phillips lọ́kàn. Wọ́n bí i ní 1884. Ó kọ́ iṣẹ́ orin ní Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ́nù, ó sì padà dé ní 1914 láti máa tẹ dùùrù, kó sì máa kọ́ akọrin ní Christ Church, Màrínà, l'Ékòó, títí di 1962.

Phillips rí i pé bí orin bá gòkè níbi tí ohùn ọ̀rọ̀ ti dúró, ọkọ ìyàwó lè di ọkọ́ àgbẹ̀ létí olùgbọ́. Ó kọ èrò rẹ̀ sínú ìwé Yoruba Music, tó jáde ní 1953, ó sì kọ orin tirẹ̀ lọ́nà tí ọ̀rọ̀ fi ń ṣamọ̀nà ohùn.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ yín sókè bí ẹni ń báni sọ̀rọ̀. Ẹ fàmì ohùn sí i, kí ẹ tó wá dò-rè-mí tó bá a rìn. Ẹ má fi ohùn ẹsẹ kìíní kọ ẹsẹ kejì, nítorí ọ̀rọ̀ wọn yàtọ̀. Kí ẹni tó ń lé orin máa yí ohùn padà bí ọ̀rọ̀ bá ti yí. Ègbè tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yí lè dúró lójú kan.

Ní ti yunifásítì, ẹ má bẹ̀rù. Ọwọ́ Phillips nínú ṣọ́ọ̀ṣì ni àwọn olórin bíi Fela Sowande àti Ayo Bankole kọjá kí wọ́n tó kàwé orin ní Lọ́ńdọ́nù. Sowande kọ orin African Suite ní 1944. Bankole di olùkọ́ orin ní Yunifásítì Èkó. Ẹ̀yin náà, ẹ mú àwọn ọmọdé tí etí wọn mú nínú ìjọ yín, kí ẹ máa kọ́ wọn ní dò-rè-mí láti ìsinsìnyí.